Ohun Tó Kù Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá ti fi ohun tó lé ní ogún ọdún dáná fún ológun kì í tètè mọ bí wọ́n ti ń dáná fún ènìyàn méjì. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì kúrò ní ilé ìdáná àwọn ọ̀gá sójà ní bárékè Ọ̀jọ́, tí èmi àti ìyàwó mi kó lọ sí ilé tí a kọ́ sí Ìbà, ó tó ọdún kan gbáko kí n tó yé se ọbẹ̀ ìkòkò ńlá. Ìyàwó mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Sájẹ́ńtì, bàtálíọ̀nù wo ló ń bọ̀ wá jẹun lónìí?" Màá bu tiwa, màá gbé ìyókù fún àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ wa.

Sájẹ́ńtì ló máa ń pè mí bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí inú bá ń bí i, Bàbá ni. Èyí tó ń pè mí nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, ìyẹn ò kan ìwé yìí.

Páì ọ̀pẹ̀yìnbó ni mo fi fẹ́ ẹ. Mi ò fi yangàn, bó ṣe rí ni mo sọ yẹn. Ó ń ta mínírà àti bísíkíìtì nínú ọjà bárékè nígbà náà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èmi bí wọ́n ti ń fi ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú páànù, tí wọ́n ń da ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n ti fi ṣúgà sè lé e. Bí àwọn ọ̀gá bá jẹun tán, igun tó bá kù, màá fi bébà wé e, màá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Kì í dúpẹ́. Níṣojú mi ló ti máa ń jẹ ẹ́, á lá ìka rẹ̀, á ní kí n tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n má baà tì mí mọ́lé. Láti ìgbà náà títí orí àwa méjèèjì fi funfun, agbára káká ni oṣù kan fi ń kọjá kí n má ṣe é.

Nígbà tí àìsàn dé, a ò mọ̀ pé àìsàn ni. Inú rẹ̀ á wú, á ní afẹ́fẹ́ ni. Ìgbẹ́ gbuuru á máa yọ ọ́ lẹ́nu, á ní omi tí òun mu ni. Ó ń rù. Ìró tó ń yí ìdí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wá ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó mu àgbo. Ó mu ún, ó tún rù sí i. Ilé ìwòsàn kẹta tí a lọ ni dókítà obìnrin kan ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ọmọdé lójú mi, bí ẹni tí kò tíì ju àkọ́bí ọmọ-ọmọ wa lọ. Ó ní àlìkámà ni kò bá a lára mu.

"Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan wíìtì mọ́. Búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́fù, núdù, sẹmó, ohunkóhun tó bá ti ní fúláwà nínú. Títí ayé ni o."

Ìyàwó mi wò ó. "Títí ayé? Ayé tó kù náà ò kúkú pọ̀ mọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi, ó ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń jẹ́ kó fà bí a bá pò ó, pé ohun náà ló ń bá ìfun ìyàwó mi jà. Ó pè é ní gúlúténì. Mi ò gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun náà dáadáa. Òun ni wọ́n kọ́ mi láti máa fi ọwọ́ méjèèjì wá nínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì: máa pò ó, máa fà á, bó bá já, kò tíì tó. Dókítà ní kékeré ò sí níbẹ̀ o, pé ìwọ̀n tó lè lẹ̀ mọ́ èékánná ti tó dá a dùbúlẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí ọ̀rá búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Eku ló gbé e débẹ̀."

Mo ní, "Eku tó mọ bí wọ́n ṣe ń ká ọ̀rá sí mẹ́rin."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, òun jẹ ẹ́, ẹnu òun ló ń dá òun láàmú, ṣùgbọ́n òun ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi nu ojú, eegun ni. Mo rò ó pé bí mi ò bá wá ohun dídùn kan tí yóò máa retí, búrẹ́dì ni yóò pa obìnrin yìí mọ́ mi lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó ti bá fúláwà pàdé jáde nílé. Asẹ́ àtijọ́, igi tí mo fi ń tẹ́ fúláwà, ike tí mo ń kó o sí, mo kó gbogbo wọn fún ẹni tó fẹ́. Páànù, mo fi eérú àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi abẹ́rẹ́ tú gbogbo kọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀. Ìyàwó mi ní bóyá ọ̀gágun kan ń bọ̀ wá yẹ ilé wò.

Láfún ni mo kọ́kọ́ fi dípò, torí pé ó funfun bíi fúláwà. Àwọ̀ ni mo wò, mi ò wo ìwà. Láfún ti kan nínú omi kó tó gbẹ. Bí iná ti mú un, òórùn fùfú gba ilé kan. Etí rẹ̀ le bí awọ, àárín rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ìyàwó mi jẹ ẹyọ kan, ó jẹ ẹnu lọ jẹ ẹnu bọ̀.

"Sájẹ́ńtì, ṣé kí n gbé e mì ni àbí kí n fi lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri?"

Mo gbìyànjú ìrẹsì. Mo rẹ ẹ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ nínú blẹ́ńdà títí blẹ́ńdà fi ta èéfín tó sì kú. Ìyẹn ò lẹ̀ mọ́ eyín rárá, ṣe ló tú ká bí iyanrìn etí òkun. Kò sí ohun tó dì í mú. Ohun tí dókítà ní kí n yọ kúrò, òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ okùn nínú ìyẹ̀fun. Bí a bá já okùn, a gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn dì í. Ọ̀pẹ̀yìnbó orí rẹ̀ nìkan ni ìyàwó mi ṣà jẹ. Ó ní iyanrìn tó kù, òun á fi kún ti ẹni tó ń kọ́ ilé lẹ́yìn wa.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídú wá sí mi lọ́kàn. Mo ra odi kan ní Okokomaiko, mo bó o, mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sá a lórí páànù òrùlé. Nígbà tó gbẹ, ó ń dún bí èèpo ẹ̀pà. Èmi ò ní blẹ́ńdà mọ́, mo sì mọ̀ pé èyí le ju ohun tí blẹ́ńdà lè jẹ lọ, mo bá gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọ̀ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé ni. Ẹlẹ́rọ náà, ọkùnrin ará ìlú kan lápá Ọ̀yọ́, tí fìlà àdúrà rẹ̀ ti di funfun tán nínú ìyẹ̀fun, dìde fún mi níbi tó jókòó sí, ó sì bẹ àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà pé kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ lọ̀. Nígbà tó lọ̀ ọ́ tán, ó pa ẹ̀rọ, ó ṣí ẹnu rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ kékeré kan, ó gbá gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ inú ibẹ̀ sínú abọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, tiyín ò gbọdọ̀ ṣòfò."

Mo gbàdúrà fún un. Àwọn obìnrin ṣe àmín.

Páì ọjọ́ yẹn dára. Màá sọ bí mo ṣe ṣe é, kí ẹni tó bá wúlò fún lè mú un. Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìwọ̀n ife méjì, àgbọn tí mo rin tí mo sì yan díẹ̀ lórí iná ìwọ̀n ife kan, bọ́tà tútù, ẹyin kan tó ń ṣe iṣẹ́ okùn. Mi ò tẹ́ ẹ pẹ̀lú igi, torí á já. Ìka ni mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páànù bí ẹni ń lẹ amọ̀ mọ́ ògiri. Mo wọ́n gàrí fẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀, kó máa mu omi ọ̀pẹ̀yìnbó kí ìdí rẹ̀ má baà rọ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó fúnra rẹ̀, mo fi tapiókà tí àwọn obìnrin Ègùn ń gbé wá láti ọ̀nà Badagry dì í, mo rẹ ẹ́ sínú omi rẹ̀ kí n tó sè é, ó sì ki. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mi ò lè sọ pé páì àwọn ọ̀gá ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dàgbà sí abúlé ni.

Ìyàwó mi jẹ igun kan. Ó mú ìkejì. Ó lá ìka rẹ̀. Mo jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, inú rẹ̀ ti wú. Kí oòrùn tó yọ tán, ó ti lọ sí ẹ̀yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo dúró tì í. Mo ní, "Kí lo jẹ?"

"Páì yín."

"Yàtọ̀ sí páì."

"Ọbẹ̀ àti iṣu tí a jọ jẹ. Omi."

"Lẹ́yìn ìyẹn."

Ó gbé ojú sókè. "Bàbá, mo ní mi ò jẹ nǹkan kan."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Mo mọ bí mo ṣe fọ páànù. Kò sí ibi tí fúláwà lè gbà wọlé àfi ẹnu rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ àti búrẹ́dì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ ohun tí ẹ jọ ń ṣe. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Mo ti fọ́ ẹyin tó pọ̀ láyé mi, ti àwọn ọ̀gá, ti bàtálíọ̀nù, kò sí ọ̀kan tí mo rí tó padà sínú èèpo rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó wọ yàrá, ó sùn. Nígbà tó yá tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo tún ṣe páì, mo gbé e fún un. Ó tì í padà. "Páì tó sọ mí di olè, Bàbá, mi ò jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ bá mi gbé e kúrò níwájú mi." Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi bẹ́ẹ̀ wà. Ó ń dáhùn bí mo bá kí i. Ó ń jẹ iṣu díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fi oúnjẹ jẹ níyà. Ó ń rù sí i, èmi sì ń wo ìró rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn tí mo sá lórí òrùlé ti gbẹ. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ fún jẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kó bàjẹ́. Mo gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sátidé mìíràn. Mo bá ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní bárékè níbẹ̀, awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Ó gbé àpò kékeré kan dání.

Ó ní, "Kúùkù! Ṣé ìwọ náà ti di oníṣúgà ni?"

"Ṣúgà kẹ̀? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyàwó mi ni mo fẹ́ lọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Wíìtì ni o. Dókítà ní kí n jìnnà sí ẹ̀bà, kí n máa fi wíìtì ṣe òkèlè. Gbogbo wa pátá la ti di ará wíìtì. Bí a bá ti parí ìpàdé àwa ajagunfẹ̀yìntì ní Sátidé, ibí yìí la máa ń gbà kọjá."

Mo ní, "Dókítà tìẹ ní kó o máa jẹ ẹ́. Tèmi ní bí ìyàwó mi bá jẹ ẹ́, á kú."

A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹlẹ́rọ gba àpò rẹ̀, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun náà jáde, àwọ̀ ilẹ̀, ó rí bí èlùbọ́ mi gan-an. Ọ̀rẹ́ mi gbé e, ó ń lọ. Ẹlẹ́rọ na ọwọ́ sí abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, ó fẹ́ dà á lé ibẹ̀.

Mo ní, "Dúró."

Bí wọ́n bá lọ ata tán tí àgbàdo kàn, wọ́n á fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo fọ ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n á dà á nù. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín gbígbẹ àti gbígbẹ, ta ló ń fọ ẹ̀rọ? Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni ẹni kejì ń gbé lọ, òun náà á fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni kẹta. A kì í kà á sí. Bí a ti ń jẹ oúnjẹ ara wa láti kékeré nìyẹn.

Mo bi ẹlẹ́rọ pé ní Sátidé tí mo kọ́kọ́ wá, kí ló lọ̀ kó tó kan èmi. Ó ronú.

"Ẹ ò rí i, Bàbá, wíìtì ni yóò jẹ́. Sátidé, ti àwọn ajagunfẹ̀yìntì ló máa ń pọ̀ jù." Ó rí ojú mi. "Ṣé mo ṣe yín ní nǹkan ni? Mo gbá inú rẹ̀ fún yín dáadáa o. Ẹlòmíràn, mi ò kì í gbá a fún un."

Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ó bu ọlá fún àgbàlagbà, ó fi ìgbálẹ̀ kó ọlá náà sínú abọ́ mi, èmi náà sì fi àdúrà gbà á. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi láìlọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ọ̀kadà pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ń rìn lọ. Mo ń wá bí màá ti sọ ọ́.

Ìyàwó mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Mo jókòó sórí àpótí.

Mo ní, "Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wo?"

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: wíìtì, ìgbálẹ̀, Sátidé, gbogbo rẹ̀. Kò dá ọwọ́ ẹ̀wà dúró. Ó sọ òkúta kan nù.

"Ó yé mi. Ẹ̀rọ ló kó wíìtì sí oúnjẹ mi." Ó tún sọ òkúta kan nù. "Ṣé ẹ̀rọ náà ló pè mí ní olè?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Mi ò gbọ́."

"Èmi ni mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Má bínú, dákun."

Ó gbé atẹ kúrò lórí itan. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Mo rò pé wọ́n ní sójà kì í bẹ̀bẹ̀."

"Sójà ti fẹ̀yìn tì."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dà? Odó ń bẹ lẹ́yìn ilé. Iyán nìkan ló mọ̀. Ẹ gbé e wá, kí ẹ sì gbé omi gbígbóná dání."

A fọ odó, a sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Mo ra asẹ́ tuntun. Ọjọ́ kan gbáko ni a fi gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà; bó bá rẹ̀ mí, á gba ọmọ odó, bó bá rẹ̀ ẹ́, èmi á gbà á. Mo ní kó lọ jókòó, pé kò lágbára. Ó ní agbára tí òun ní tó láti mọ ohun tó wọ inú oúnjẹ òun. Ìyẹ̀fun náà kò kúnná tó ti ẹ̀rọ, páì tí mo fi ṣe kò dán, ó ń ta eyín díẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Mi ò sùn dáadáa. Ilẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó ti ń sanra padà báyìí, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kó tó fọwọ́ kan ohun tí mo bá gbé fún un, á kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó ti jẹ láti òwúrọ̀ fún mi, bí ẹni tó ń jábọ̀ fún ọ̀gá ní gáàdìrúùmù. "Ẹ̀kọ ni mo mu. Mo jẹ ẹ̀wà, ṣíbí mẹ́fà. Mo jẹ ọsàn kan." Mo sọ fún un pé mi ò bi í. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò bi òun. Mo ní kó yé ṣe é, ó ń dùn mí. Ó ní kò yẹ kó dùn mí, àbọ̀ lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹun. Mo ń jókòó, mo ń gbọ́ àbọ̀ náà dé òpin, mi ò ní já a lẹ́nu. Bó bá kà á tán, màá ní mo gbà á gbọ́, á sì mú páì rẹ̀.